Àtíòro Orí Àràbà

Ìjàlọ ń gun ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀, kò mira. Ó dúró ní ìdí igi àràbà bí òpó iná, ó dojú sókè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹnu ọmọ tí ń retí ṣíbí. Ó gbé awò olójú méjì kan bojú, irú èyí tí àwọn sọ́jà fi ń wo ọ̀tá lókèèrè. Ìjàlọ ti kúrò lára bàtà, wọ́n ti dé orúnkún, wọ́n ń bọ̀ wá sí itan, òun sì dúró ṣanṣan.

Joanna Àyànlọ́wọ̀ wà láàrin kòkó, ó ń wò ó. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé wèrè ni. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé wèrè yìí mà rẹwà o.

Ká ní Joanna tí gbogbo gáréèjì Ore mọ̀ ni, igbe ni ì bá fi ta á jí. Joanna tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Benin àti ti Èkó, tí ohùn rẹ̀ ń borí fèrè tírélà, tí awakọ̀ tó láyà bí kìnnìún ń gba ẹ̀yìn ọkọ̀ sá fún! Ṣùgbọ́n ohùn ọ̀hún ti lọ. Ó ti pe èrò títí tí ọ̀fun rẹ̀ fi ya. Dókítà ní bí ó bá fi pariwo láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ ni yóò máa fi sọ̀rọ̀ títí ayé. Ọ̀gá rẹ̀ fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, inú àwọn awakọ̀ sì dùn bí ẹni pé ọdún ló dé.

Ìyá rẹ̀, Ìyá Àdúrà tí gbogbo Odigbo mọ̀, fẹ́ kí ó lọ fi ọ̀sẹ̀ náà sùn sí ilé àdúrà. Joanna ní oko bàbá òun tó ti kú, tó wà lọ́nà Araromi-Obu, ni òun yóò máa lọ. Atẹ́gùn tútù dára fún ọ̀fun. Bí ó ṣe bá ẹni tí ìjàlọ ń jẹ pàdé nìyẹn.

Ó sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé ahọ́n pamọ́. "Ọ̀gbẹ́ni, ìjàlọ ń jẹ yín."

"Mo mọ̀." Òun náà rọra fọhùn, kò wẹ̀yìn. "Ẹ ṣeun tí ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti kígbe lé mi lórí."

"N kò lóhùn ni. Bí mo bá lóhùn, wọn ì bá ti gbọ́ mi ní Ore."

"A jẹ́ pé Ọlọ́run ló bá wa gbà á pamọ́. Ẹ wá wò ó."

Ó bọ́ awò náà lọ́rùn, ó fi lé e lọ́wọ́. Ìgbà náà ló tó rántí pé òun lẹ́sẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó ń gbọn ṣòkòtò bí ẹni tí iná jó. Joanna rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín náà kò dún rárá.

Nígbà tó gbé awò bojú, ó rí ihò kan lókè lára igi. Ẹrẹ̀ ni wọ́n fi rẹ́ ihò náà pa, ó ku ojú tóóró bí ẹnu kóló. Ẹyẹ kan balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, dúdú lẹ́yìn, funfun níkùn, àgógó rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí adé aláìníláárí. Ó pọ ẹyin ọ̀pẹ pupa kan jáde láti inú ọ̀fun, ó tì í sí ojú tóóró yẹn. Àgógó mìíràn yọ láti inú, ó gbà á.

"Àtíòro ni," ni ọkùnrin náà wí. "Ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú yẹn. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ mọ ilẹ̀kùn pa nítorí ejò àti ọ̀bọ. Ìyàwó ti bọ́ ìyẹ́ tí ó fi ń fò sílẹ̀, ó ń tọ́jú ọmọ. Ohunkóhun tí yóò jẹ, ọkọ ni yóò gbé e wá."

"Bí ọkọ kò bá wá ńkọ́?"

"Yóò wá."

"Mo ní bí kò bá wá?"

Ọkùnrin náà wò ó. "Àwọn obìnrin Odigbo kò mọ̀ ju kí wọ́n máa bèèrè ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀."

Barnabas ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ bàbá Ẹ̀bìrà tó ń tọ́jú kòkó ìdílé Àyànlọ́wọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ní Òkénè ni ó ti dàgbà, kò tíì pẹ́ tó padà wá, ó sì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ pákó kan ní Ore, níbi tí ayùn ti ń pariwo lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n bá fún un ní ìsinmi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a lọ gbádùn ara wọn l'Ékòó. Òun a gbé awò tó rà lọ́wọ́ olówò okirikà, a wá sí abà bàbá rẹ̀, a máa wo ẹyẹ. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹni ń fi iyọ̀ ra ẹran. Kò bìkítà.

Nígbà tó gbọ́ orúkọ bàbá Joanna, ó yára tẹrí ba. "Ẹ má bínú, n kò mọ̀ pé ọmọ onílẹ̀ ni yín."

"Ṣé ilẹ̀ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni? Yéé fi 'ẹ' pè mí, jàre. Ọkọ ìjàlọ."

Ọ̀sẹ̀ náà kò jọ ọ̀sẹ̀ mìíràn ní ayé Joanna. Bí ìrì bá ti ń gbẹ, ọ̀kadà á ti gbé e dé etí oko. Barnabas a ti tẹ́ ewé sílẹ̀ dè é. Ó fi agbe hàn án, tí ìyẹ́ rẹ̀ dà bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú aró jáde. Ó fi àlùkò hàn án, ó fi orófó hàn án, tí ó jókòó láàrin ewé títí tí ènìyàn á fi búra pé ewé lòun náà. Elúùlú a ké níbi kan, Barnabas a ní òjò ń bọ̀. Òjò a kọ̀ kò rọ̀, Joanna a fi í ṣẹ̀sín títí di ọ̀sán.

Nítorí pé kò lóhùn, etí Barnabas ló máa ń fi ẹnu kàn kí ó tó lè sọ ohun tó fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ kìíní, ó gbé ọwọ́ sáàrin. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi ń dé ìdajì, ọwọ́ ti kúrò láàrin. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn ènìyàn rí, ẹ mọ bí ó ṣe ń rí. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì fẹ́ràn, ẹ lọ bèèrè.

"Ẹ̀yà ẹyẹ wo ni mo jọ?" ni Joanna bi í ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

"Ẹ̀gà."

"Ẹ̀gà aláriwo? Èmi tí n kò lóhùn?"

"Mo ti wọkọ̀ ní gáréèjì yín rí, ìfẹ́ mi. O bú mi nítorí pé mo gbé àpò mi sórí àga. Mo mọ ohun tó ń padà bọ̀ wá bá mi."

Ó gbá a lórí. Barnabas di ọwọ́ náà mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́.

Lábẹ́ àràbà yẹn ni Barnabas ti sọ fún un pé bí àwọn bá ká kòkó tán, òun yóò mú bàbá òun lọ kí Ìyá Àdúrà. Joanna mọ ìyá rẹ̀. Ọmọ àgbàro, àlejò tí ń roko wọn tó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn, kí ó wá fẹ́ ọmọbìnrin wọn? Ìyá náà lè lé gbogbo wọn kúrò lórí ilẹ̀ kí ọbẹ̀ tó hó.

"Wọn yóò kọ̀," ni ó sọ sí i létí.

"A óò bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan ni mo fẹ́ kí o ṣe fún mi ní báyìí." Ó nàka sókè. "Má sọ ibi tí ihò yìí wà fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń ra ẹyẹ yìí lẹ́bàá títì márosẹ̀. Bí ọkọ bá kú, ìyàwó di òkú, ọmọ di òkú."

"Ohùn wo ni n óò fi sọ ọ́?" ni Joanna wí, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé orí lé e léjìká.

Ohùn padà dé ní ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́ kejì, Ìyá Àdúrà wọ sùtánà funfun fún un, ó fà á lọ́wọ́ lọ síwájú ìjọ kí ó lọ jẹ́rìí.

Nílé àdúrà tiwọn yìí, àṣà kan wà. Nígbà kan rí, obìnrin kan jẹ́rìí pé òun rí ìwòsàn, irọ́ ló pa. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń jẹ́rìí, gbogbo ìjọ ni yóò ké bi í pé, "Níbo?" yóò sì dárúkọ ibẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ lè lọ wádìí. Ẹ̀rí tí kò ní ibùgbé, wọn kì í ṣe Àmín sí i.

Joanna dúró láìwọ bàtà lórí ẹní. Ó dúpẹ́ ohùn. "Níbo?" "Lóko bàbá mi!" "Halelúyà!" Ó yẹ kí ó jókòó. Ṣé ẹ rí i, ìyà tó ń jẹ olóhùn tí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò kéré. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó gbààwẹ̀ tí wọ́n gbé oúnjẹ fún. Ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀. Ìfẹ́ wà nínú rẹ̀ tí kò lè dárúkọ níwájú ìyá rẹ̀; ó bá fi ẹyẹ dárúkọ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run, mo rí ẹyẹ kan tí ó ti ìyàwó rẹ̀ mọ́lé kí ibi má baà débẹ̀. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni ó ń gbé oúnjẹ wá bá a lójú ihò. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni Jésù ń ṣe fún ìjọ!"

Ilé dàrú. Àwọn obìnrin dìde, wọ́n ń na ìka sí ọkọ wọn: "Ẹ gbọ́ o! Ẹyẹ lásán!" Àwọn ọkùnrin ń wolẹ̀. Ìyá Àdúrà ń mi agogo pẹ̀lú omijé lójú. Gbogbo ìjọ sì ké e, "Níbo?"

"Lórí àràbà ẹ̀bá odò, lóko wa!"

Ó ti jáde. Ẹyin lohùn. Ó rántí ẹ̀bẹ̀ Barnabas bó ṣe sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n Àmín tí wọ́n ṣe ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, Ìníolúwa, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ìyá wọn bí fún àbúrò bàbá Joanna tó ṣú u lópó, dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti fi ìbọn ṣakabùlà kọ́ ara ògiri. Ó di nǹkan mú sẹ́yìn.

"Sìsítà mi, dijú."

"Ìní, kí ni?"

Ó gbé e síwájú rẹ̀. Dúdú lẹ́yìn, funfun níkùn. Ẹyin ọ̀pẹ kan ṣì há sí i lọ́fun.

"Ẹyẹ ẹ̀rí rẹ rèé! Mo ní ohun tí ọmọ ìyá mi yìn tó báyẹn, èmi ni n óò pa á fún un jẹ. Olówò kan ní títì fẹ́ rà á, n kò tà."

Ọmọ náà kò ṣe ìkà. Ilẹ̀ wọn ni, igi wọn ni, ẹran orí rẹ̀ tiwọn ni. Bí òfin onílẹ̀ ṣe wí nìyẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìfẹ́ ló fi pa á. Ọ̀rọ̀ Joanna fúnra rẹ̀ ló sì júwe ọ̀nà fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Joanna kò gba ọ̀nà Ore. Ó bá Barnabas ní ìdí àràbà. Ó ti so ọparun mọ́ ọparun títí tó fi ga, ó gun àkàsọ̀, ó ti ẹyin ọ̀pẹ bọ ẹnu ọparun náà, ó ń nà án sí ojú ihò. Ẹyin náà jábọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó he é.

"Barnabas."

Ó wò ó. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ káàárọ̀, ma," ni ó wí.

Ẹ kò mọ bí "ẹ" ṣe lè wúwo tó títí ẹni tí ń pè yín ní ìfẹ́ mi yóò fi gbé e padà lé yín lórí. Joanna jókòó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láàrin ewé kòkó.

"Ta ni ẹ sọ fún?"

"Ìjọ." Omijé ń dà. "Mo ń jẹ́rìí. Wọ́n bi mí pé níbo."

"Wọ́n bi yín, ẹ sì dáhùn."

"Bú mi, Barnabas. Mo bẹ̀ ọ́, bú mi."

"Ẹ bá mi di àkàsọ̀ mú," ni ó wí. "Ebi ń pa á."

Joanna di í mú. Ẹyẹ náà kò gbà á lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, àgógó yọ díẹ̀, ó sọ ẹyin náà wò, ó gbà á. Joanna fẹ́ pariwo ayọ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Loveth, tí wọ́n jọ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ń dí àyè rẹ̀ ní gáréèjì, ó sì ń pe fóònù pé ọ̀gá ti ń halẹ̀. Joanna ní kí ó máa halẹ̀; Barnabas náà kò tíì padà sídìí ayùn. Ó ń mú ẹyin ọ̀pẹ wá, ó ń di àkàsọ̀ mú. Òun àti Barnabas kò sọ ju "ẹ gbé e wá" àti "ó ti tó" lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ará Odigbo ni ó gbé Ìyá Àdúrà wá sí oko. Sùtánà rẹ̀ ń fa koríko. Ó ti ń sọ̀rọ̀ kí ó tó dé.

"Joanna! O pa iṣẹ́ tì, o wá ń bá ọmọ àgbàro di àkàsọ̀ mú? Ọmọ aládùúrà ń sin ẹyẹ! Ìwọ ọmọkùnrin yìí, lọ sọ fún bàbá rẹ kí ó máa palẹ̀ mọ́."

Barnabas sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Màmá," ni Joanna wí. Ohùn rẹ̀ ti padà, ṣùgbọ́n kò gbé e sókè. "Bí ẹ bá lé wọn, ẹ óò lé èmi pẹ̀lú wọn. Obìnrin kan ló wà nínú igi yẹn. Èmi ni mo pa ọkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fún un lóúnjẹ ná, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe ohun tó bá wù yín."

Ìyá Àdúrà gbójú sókè láti bú u. Ní àkókò náà gan-an ni àgógó yọ jáde ní ojú tóóró, òfìfo, ó ń ṣí, ó ń pa dé. Ìyá Àdúrà rọra jókòó lórí gbòǹgbò igi náà. Nígbà tó máa fọhùn, ohùn rẹ̀ kò jọ ti Ìyá Àdúrà mọ́.

"Nígbà tí mo lóyún rẹ, Joanna, wòlíì ní n kò gbọdọ̀ jáde nílé àdúrà títí n ó fi bí. Bàbá rẹ ló ń gbé oúnjẹ wá bá mi lójú fèrèsé. Nígbà tó yá, n kò rí i mọ́. Wọn kò sọ fún mi pé ó ti kú, kí oyún má baà bàjẹ́. Ìyàwó àlejò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé oko wa ni ó ń gbé oúnjẹ náà wá. Kò gbọ́ Yorùbá. Lójoojúmọ́, ojú fèrèsé yẹn, títí mo fi bí ọ." Ó yíjú sí Barnabas. "Ìyá rẹ ni. Ó kú, n kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Mo ní àwọn àgbàro ni wọ́n."

Ó na ọwọ́ sí ẹyin ọ̀pẹ tó wà nínú agbọ̀n. "Ewo ló rọ̀ jù nínú rẹ̀?"

Kí ó tó kúrò lóko, ó ní, "Sọ fún bàbá rẹ kí ó má palẹ̀ mọ́. Kí ó wá kí mi."

Ẹni tí kò mọ ayé á ní ó ti parí síbẹ̀, kí a gbé ọtí. Kò parí. Òjò ńlá rọ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n dé ìdí àràbà, ẹrẹ̀ ẹnu ihò ti fọ́. Ọmọ ẹyẹ kan wà nílẹ̀, tí kò tíì níyẹ̀ẹ́, èèrà ti bò ó. Ìyá kò sí. Bóyá ó fò pẹ̀lú ìyẹ́ kúkúrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, bóyá nǹkan gbé e jẹ, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Wọ́n wá a nínú kòkó títí oòrùn fi kan àtàrí, wọn kò rí ìyẹ́ kan.

Barnabas fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ó sin ọmọ náà. Ó jókòó. Joanna jókòó, kò sún mọ́ ọn.

"Ṣé bàbá rẹ ṣì ń bọ̀ nílé wa?" ni ó bi í.

"Wọ́n ń bọ̀."

"Nítorí pé màmá mi pè wọ́n ni?"

"Nítorí pé mo fẹ́ ọ." Ó ti gbé "ẹ" kúrò, Joanna sì gbọ́ ọ. "Mo fẹ́ ọ, Joanna, mo ti gbìyànjú kí n má fẹ́ ọ mọ́, kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ. N kò mọ̀ bí n óò tún lè fi ibi tí nǹkan ń gbé hàn ọ́ mọ́. Mo wá ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn nínú ara mi, n kò rí i."

Joanna wo ọwọ́ rẹ̀ tí ẹyin ọ̀pẹ ti pa láró.

"Fẹ́ mi bẹ́ẹ̀," ni ó wí.

Ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ká kòkó tán, Ìyá Àdúrà fúnra rẹ̀ ló di ọwọ́ bàbá Ẹ̀bìrà náà mú wọ ilé àdúrà, ó gbé e jókòó síwájú. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó láìsí ariwo. Wọ́n gba yàrá kan ní Ore, lẹ́yìn gáréèjì. Wọ́n ń gbé pọ̀ dáadáa. Barnabas ń pè é ní ẹ̀gà, òun náà ń pe Barnabas ní ọkọ ìjàlọ. Aládùúgbò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ pákó tún fún Barnabas ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, ó dìde láàárọ̀, ó gbé awò kọ́ ọrùn. Joanna ti di ẹ̀bà àti ẹja fún un. Ó bá a dé ẹnu ọ̀nà. Ó rí i tó wo òun, tó fẹ́ sọ nǹkan, tí kò sọ ọ́. Ó bá a tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, ó ní kí ó máa lọ kí oòrùn tó mú.

Ní ìrọ̀lẹ́, Barnabas padà dé, inú rẹ̀ dùn, eruku bò ó. Ó jókòó sídìí àwo oúnjẹ, ó ń sọ ọ́ fún un: agbe méjì ni, tọkọtaya, wọ́n ń kọ́ ilé, bí akọ ṣe ń mú igi wá, bí abo ṣe ń sọ ọ́ nù tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Ó ké bí wọ́n ṣe ń ké. Joanna rẹ́rìn-ín, ó bu ọbẹ̀ kún un, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, àfi ibi tí wọ́n wà.